Ẹ̀yin Ayálégbé Inú Àpòlúkù, Ẹ Kú Ilé O

Ẹ̀yin àgbà Helicobacter pylori,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìgbádùn ilé onílé. Mo mọ̀ pé ibi tí ẹ ń gbé ṣókùnkùn, ó sì kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹ ráhùn rí. Bí mo ṣe ń fi "ẹ" bá yín sọ̀rọ̀, kò yà yín lẹ́nu: ẹ pọ̀, ẹ sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Àwọn onímọ̀ tó ń ka àbùdá yín ní ó ti tó 100,000 ọdún tí ẹ ti ń bá ọmọ ènìyàn gbé. Ẹni tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nílé ènìyàn láìsan kọ́bọ̀ owó ilé, ó yẹ kí a máa wárí fún un. Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, kí gbogbo ayé bá wa kà á, torí pé ohun tí a bá bá yín sọ níkọ̀kọ̀, ẹ ti mọ bí ẹ ṣe ń fi pamọ́.

Kí àwọn tó ń bá wa kà á lè mọ ẹni tí mò ń kí: ẹ̀yin ni kòkòrò àìfojúrí tó lọ́ gbandu, tó ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lápá kan, tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi fífà tó bo ògiri àpòlúkù. Nínú ènìyàn méjì tó wà láyé, bí ẹnì kan ló ń gbé yín kiri. Ní tiwa níbí, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti kékeré lẹ ti ń wọlé, lọ́pọ̀ ìgbà láti ara ìyá sí ara ọmọ, nínú ilé tí èrò ti pọ̀ tí omi tó mọ́ sì wọ́n. Bí ẹ bá wọlé tán, ó di pé kí wọ́n lé yín kí ẹ tó jáde.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí mo ní sí yín ni pé ẹ fi ọ̀ràn yín kọ́ ata lọ́rùn. Tipẹ́tipẹ́ la ti ń gbọ́ ọ pé ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ebi ló fi ń pa ara rẹ̀, tàbí ó ń jẹ ata jù, tàbí ó ń ronú jù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Bódìjà kò fẹnu kan ata rodo fún ọdún gbọọrọ nítorí yín. Ó ń dá ọbẹ̀ tirẹ̀ sè lọ́tọ̀, ọbẹ̀ pupa kan tí kò ta rárá, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè ní ọbẹ̀ aláìsàn. Kò gbààwẹ̀ mọ́. Bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lóru, lókè ìdodo lọ́hùn-ún, á dìde jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á gbọn ìgò oògùn omi funfun tí wọ́n ń tà ní kẹ́místì, á gbé e sẹ́nu láìwá ṣíbí, á gùnfẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á nu ẹnu, á tún dùbúlẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ ń gbọ́ bí a ṣe ń bá ata wí, ẹ ò sì jẹ́wọ́. Ata lè mú kí ojú ọgbẹ́ ta ènìyàn, ìyẹn ò ní kó jẹ́ òun ló dá ọgbẹ́ sílẹ̀.

Mo ti mọ èsì yín. Ẹ ó ní ẹ̀yin nìkan kọ́. Òótọ́ ni. Àwọn oògùn ara ríro bí aspirin àti ibuprofen náà ń dá ọgbẹ́ sínú ènìyàn, ẹni tó bá sì ń ra oògùn onírúurú àwọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kan ṣoṣo tà nínú mọ́tò, iṣẹ́ yín ló ń bá yín ṣe láìgbowó. Ṣùgbọ́n olè tó ní alábàáṣe kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di aláìṣẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwa tí a ò mọ̀wé ìṣègùn kọ́ lẹ tàn jù. Àwọn dókítà gan-an lẹ mú ṣe òmùgọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi kíkan inú ni wọ́n dojú ìjà kọ. Wọ́n ń la ikùn, wọ́n ń gé iṣan tó ń sọ fún àpòlúkù pé kó sun omi kíkan, wọ́n tún ń gé lára àpòlúkù fúnra rẹ̀. Nígbà tó di 1976, oògùn cimetidine dé ọjà ní Bìrìtéènì. James Black tí iṣẹ́ rẹ̀ bí i gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Oògùn gidi ni, n kò bú u. Ó ń dín omi kíkan kù, ọgbẹ́ á sì jiná. Ọjọ́ tí aláìsàn bá dẹ́kun lílò ó ni ẹ̀yin náà á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọgbẹ́ á padà, aláìsàn á sì tún padà sí kẹ́místì. Ẹ jọ àwọn tó ń ta oògùn lójú púpọ̀ nígbà náà. Ní ilẹ̀ Gíríìsì, dókítà kan tó ń jẹ́ John Lykoudis bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn apakòkòrò wo ọgbẹ́ inú láti 1958. Kàkà kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó ìtanràn ni wọ́n bù lé e.

Àṣírí yín tú ní Perth, ní Ọsirélíà. Robin Warren ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ ẹran ara aláìsàn wò ní Royal Perth Hospital. Ní oṣù Kẹfà 1979, lọ́jọ́ tó pé ẹni ọdún 42 gan-an, ó rí yín tí ẹ tò jàánrẹrẹ lórí ẹran tí wọ́n gé láti inú àpòlúkù. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó. Wọ́n ní kò sí kòkòrò tó lè gbé inú omi kíkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí dókítà ọ̀dọ́ kan, Barry Marshall, dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1981, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú láti mú kí ẹ hù nínú abọ́ pẹlẹbẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa wò ó lọ́jọ́ kejì, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á dà á nù. Àfi ìgbà tí ìsinmi Ọdún Àjíǹde 1982 dé. Kálukú lọ ilé, wọ́n gbàgbé abọ́ sínú ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ọjọ́ márùn-ún. Ìgbà tí wọ́n dé, ẹ ti hù bo ojú abọ́. Nítorí ìmẹ́lẹ́ yín ni ayé kò ṣe tètè mọ̀ yín: ohun tí kòkòrò míì ń fi ọjọ́ méjì ṣe, ẹ̀yin ní dandan kí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ lọ ṣọdún dé.

Síbẹ̀ àwọn dókítà yòókù ò gba Warren àti Marshall gbọ́. Ní 1984, Marshall ní kí wọ́n yẹ àpòlúkù òun wò, ó mọ́ tónítóní. Ó wá pò yín mọ́ omi, ó gbé e mu. Kò pẹ́ tí èébì fi bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn. Wọ́n tún ti rọ́bà oníkámẹ́rà gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wọlé, àpòlúkù ti pọ́n, ó ti wú, ẹ̀yin náà sì ti tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kó dákun lọ lo oògùn apakòkòrò. Òun àti Warren gba Nobel ní 2005. Warren ti papò dà ní 2024. Mo rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ò bá wọn kẹ́dùn.

Ẹ jẹ́ kí n yìn yín díẹ̀, kí ẹ má baà ní mo kórìíra yín. Ọgbọ́n tí ẹ fi ń gbé inú omi tó lè jẹ irin yìí wú mi lórí. Yúríà, èròjà tó ń bẹ nínú ìtọ̀, ń bẹ díẹ̀ nínú àpòlúkù pẹ̀lú. Ẹ ní ohun kan lára tó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, tí amóníà á fi jáde. Amóníà yìí á pa omi kíkan tó yí yín ká, á sì mú kí omi fífà tó wà lára ògiri ṣàn, kí ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ gbà á kọjá lọ síbi tí ara ti rọ̀ yín. Ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n fi ń mú yín. Wọ́n á fún ènìyàn ní yúríà tí wọ́n ti sàmì sí lára mu. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ sínú àpò kan. Bí ẹ bá wà nínú ilé, ẹ ò ní lè mójú kúrò, ẹ ó fọ́ yúríà náà, àmì rẹ̀ á sì bá èémí jáde. Wọn ò la ikùn, wọn ò ti rọ́bà bọ ẹnikẹ́ni lọ́fun.

Ó dùn mí pé ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ibi àyẹ̀wò wa níbí ṣì ń fà láti fi wá yín, torí pé kò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ ni pé ara ti bá yín pàdé rí. Ẹ lè ti kó jáde tipẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ ṣì máa pariwo orúkọ yín fún oṣù àti ọdún. Ènìyàn á wá máa gbé oògùn mì sí ilé tó ti ṣófo.

Ìrìn àjò yín ló kàn. Ẹ kì í dá lọ síbì kan, ẹ kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá lọ. Nígbà tí àwọn baba ńlá ọmọ ènìyàn jáde kúrò ní Áfíríkà, ní bí 58,000 ọdún sẹ́yìn, inú wọn lẹ wọ̀ lọ. Àbùdá yín ló sọ ọ́, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007. Lórí òkè yìnyín tó wà láàárín Ọ́síríà àti Ítálì, wọ́n rí òkú ọkùnrin kan ní 1991 tó ti wà nínú yìnyín láti bí 5,300 ọdún. Ötzi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ta á lọ́fà ní èjìká, ó kú sórí òkè, òtútù gan ẹran ara rẹ̀, ìran tó mọ̀ ọ́n parẹ́. Ní 2016 ni àwọn onímọ̀ jáde wá sọ pé àwọn bá yín nínú àpòlúkù rẹ̀. Ẹ ò tiẹ̀ bá òkú ṣojú àánú! Irú yín tó wà nínú rẹ̀ sì jọ ti apá Éṣíà ju ti àwọn ará Yúróòpù òde òní lọ, èyí ni wọ́n fi mọ̀ pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbátan yín láti Áfíríkà tó wọ Yúróòpù.

Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n dè ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kọjá òkun, ẹ bá wọn wọ ọkọ̀. Lónìí, ìlú méjì wà ní Kòlóńbíà. Tumaco wà létí òkun, ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó láti Áfíríkà ló pọ̀ níbẹ̀. Túquerres wà lórí òkè, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ láti ìpilẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìlú méjèèjì lẹ kún bámúbámú. Síbẹ̀ jẹjẹrẹ àpòlúkù tó ń mú àwọn ará òkè fi nǹkan bí ìlọ́po 25 ju ti àwọn ará etíkun lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2014 sọ ohun tó fà á: bí ìran yín bá ti Áfíríkà wá, tí ẹni tí ẹ ń gbé inú rẹ̀ náà sì jẹ́ ìran Áfíríkà, ẹ máa ń rọra. Ẹ ti jọ gbé pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bọ́ sínú àlejò, ẹ ó fọ́ ilé mọ́ ọn lórí. Èmi ò mọ irú ìwà tí à ń pe ìyẹn.

Síbẹ̀, n kò tíì tú yín sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Áfíríkà. Ní 1992, Colin Holcombe, oníṣègùn tó ti ṣiṣẹ́ ní Màídúgùrí, kọ ọ́ sínú ìwé pé àdììtú ni yín nílẹ̀ wa: ẹ kún inú gbogbo ènìyàn, jẹjẹrẹ àpòlúkù kò sì pọ̀ tó bí ó ṣe yẹ kó pọ̀. Àwọn mìíràn dá a lóhùn pé kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Níbi tí rọ́bà oníkámẹ́rà ò bá pọ̀, ta ni yóò ka àwọn tó kú? Lójú tèmi, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí ẹ má wá fi òkú tí a ò kà ṣe ẹ̀rí pé ọmọlúàbí ni yín.

Torí láti 1994 ni ẹ̀ka tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ orúkọ yín sí ìwé kan náà pẹ̀lú sìgá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbà yín sílé ló ń ṣàìsàn o; ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà. Ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ àwọn tí ẹ máa bínú sí ṣáá ni. Irú jẹjẹrẹ kan sì wà lára àpòlúkù, ti ẹ̀yà ara tó ń bá wa gbógun ti àrùn, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tètè rí i, tí wọ́n sì fi oògùn apakòkòrò lé yín, jẹjẹrẹ ọ̀hún á kásẹ̀ nílẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn láìsí pé abẹ kàn wọ́n. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo tún un kà. Ẹ̀yin lẹ ń fún un lóúnjẹ!

Mo mọ̀ pé ẹ ní agbẹjọ́rò. Martin Blaser ní Amẹ́ríkà ti ń sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé bí a bá lé gbogbo yín tán, ohun kan lè tìdí rẹ̀ yọ, pé ó jọ pé omi kíkan tó ń ru gùdù sókè ọ̀fun àti ikọ́ fée wọ́pọ̀ sí i lára àwọn tí ẹ ò sí nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń jà lé e lórí. N kò fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọgbẹ́ inú ń jẹ tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀, ẹ má rán agbẹjọ́rò sí i.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ ti oògùn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin àti àwa. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló jàjà ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe àyẹ̀wò tó péye. Wọ́n bá yín níbẹ̀ wọ̀ọ̀wọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn ọlọ́jọ́ 14, ẹ̀kún ọwọ́ kan láàárọ̀, ẹ̀kún ọwọ́ kan lálẹ́. Kò tíì lò ó dé ìdajì tí ahọ́n rẹ̀ dúdú, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, ẹnu rẹ̀ sì ń ta bí ẹni lá irin. Bismuth inú oògùn náà ló ń ṣe ti dúdú yẹn, kò léwu. Metronidazole ló ni ti irin. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un. Obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹ ahọ́n ọ̀hún wò, ó ní májèlé ni wọ́n fún un. Inú tó ń ta á sì ti dákẹ́. Ló bá kó ìyókù sínú dúrọ́ọ̀. Ohun tí ẹ ń retí nìyẹn. Àwọn tí oògùn ò tíì rí pa nínú yín, àwọn ọlọ́rùn líle, ló ṣẹ́kù tí wọ́n ń bímọ.

Ẹ sì ti mọ̀ wá délé. Kí ìgbẹ́ gbuuru ọ̀sán kan mú wa, Flagyl la ó sáré rà, méjì lónìí, ọ̀kan lọ́la, ó tán. Flagyl yẹn ni metronidazole. Àwọn onímọ̀ wa tó ń wádìí yín ní Nigerian Institute of Medical Research ní Yábà, àti àwọn mìíràn, ti rí i pé metronidazole kò tu irun kan lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú yín mọ́. Clarithromycin, oògùn mìíràn tí wọ́n fi ń lé yín, náà ti ń jábọ́ lọ́wọ́ káàkiri àgbáyé. Ní 2017 Àjọ Ìlera Àgbáyé kà yín mọ́ àwọn kòkòrò tí a gbọ́dọ̀ wá oògùn tuntun fún. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè máa fi wá ṣẹ̀rín.

Ẹ má tíì rín in tán o. Ní 2024, àwọn dókítà ikùn àti ìfun ní Amẹ́ríkà gbé ìtọ́ni tuntun jáde: ọjọ́ 14, oògùn mẹ́rin, bismuth wà nínú rẹ̀, metronidazole sì wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tó pọ̀, débi pé ẹni tó ti ń yájú sí i nínú yín náà á tẹríba. Oògùn kan tún dé tó ń jẹ́ vonoprazan. Japan ló kọ́kọ́ gbà á láyè ní 2014, Amẹ́ríkà gbà á láti fi lé yín ní 2022. Ó ń dí ẹnu ibi tí omi kíkan ti ń sun, kíákíá, yálà ènìyàn ti jẹun tàbí kò tíì jẹun. Ibi tí ó ti dùn mọ́ mi nìyí: bí omi kíkan bá lọ sílẹ̀, ẹ̀yin a ní ayé ti rọ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Ìgbà tí ẹ bá ń bímọ gan-an ni oògùn apakòkòrò ń rí yín mú. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ yín, ẹ ò ní lè kó ara yín níjàánu.

Bí ẹ bá sì ń rò pé a ò lè lé yín tán ní ìlú kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìbátan yín ní àwọn erékùṣù Matsu, tó wà lábẹ́ Taiwan. Láti 2004 ni wọ́n ti ń yẹ gbogbo àgbàlagbà ibẹ̀ wò, wọ́n ń wo ẹni tí wọ́n bá bá yín lára rẹ̀, wọ́n tún ń yẹ ẹ́ wò. Ẹ wà nínú 64 nínú ọgọ́rùn-ún wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó já sí 15. Jẹjẹrẹ àpòlúkù lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Japan tilẹ̀ ti sọ lílé yín di ohun tí owó ìlera ìlú ń san láti 2013, kódà fún ẹni tí kò tíì ní ọgbẹ́ inú. N kò retí ìyẹn níbí ní ọdún tó ń bọ̀, n kì í ṣe ọmọdé. Owó àyẹ̀wò èémí yẹn tó owó àpò èlùbọ́ kan lójú ẹ̀gbọ́n mi, ó sì bú mi kó tó san án.

Ṣùgbọ́n ó san án. Ó ti tún oògùn ọjọ́ 14 lò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó lò ó tán, ahọ́n dúdú ni o, ìgbẹ́ dúdú ni o. Oníẹja ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Dókítà ní kó dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn oògùn, kó má fẹnu kan oògùn omi kíkan fún ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, kó tó wá fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ dà mí lóhùn lórí ìwé. Bí ẹ bá ṣì wà nílé, inú àpò yẹn la ó ti ka èsì yín.

Èmi ni tiyín,
Àbúrò onílé yín ní Bódìjà